Bàtà Tó Ń Dín Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ìyá ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà kì í sì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Ilé kan náà là ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu: òun, èmi Ọláwùmí, Fọláhàn ọkọ mi, àti àwọn ọmọ wa, Jùwọ́nlọ àti Peace. Ilé ológùn-ún ni wọ́n ti bí Màmá. Èmi, ọmọ ìjọ aládùúrà gbígbóná ni mí. Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Tíṣà Jùwọ́nlọ ló ní ká máa kọ́ ọ ní kíka nǹkan ní méjì-méjì nílé. Bàtà ẹnu ọ̀nà ni mo lò. Ní ìrọ̀lẹ́, á máa fọwọ́ tọ́ wọn: “Màmá àgbà, méjì. Dádì, mẹ́rin. Mọ́mì, mẹ́fà. Èmi, mẹ́jọ. Peace, mẹ́wàá!” Màmá á kàn dìde wọlé ni.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ bàtà kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ti Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Mo ní ó ń fi bojú ni. Bí a bá rí ọ̀kan lẹ́yìn ilé, òmíràn á tún lọ. Ọkọ mi ní ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wo? Ìgbà tó kan ti Peace, ara ọmọ náà gbóná lóru. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi bàtà ọmọdé ṣe?

Mo ṣọ́ Màmá. Láàárọ̀, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé agbọ̀n tí adìẹ ń sàba nínú rẹ̀ sókè díẹ̀. Bàtà Peace ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo pariwo. “Màmá! Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ugbà tí àwọn tó ń ka ènìyàn wá sí ulé yìí, mo to àwọn ọmọ mi, mo kà wọ́n pé fún wọn. Oṣù yẹn ò tíì parí tí Ògúndàmọ́lá mi fi kú. Ìwọ wá ní kí ọmọ máa kà wá pé lálaalẹ́. Mo ní kó má pé ni.”

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní Jésù ni mo gbà gbọ́, n kò gba ìyẹn gbọ́. Mo dá bàtà náà padà sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Jùwọ́nlọ tún bẹ̀rẹ̀. “Méjì, mẹ́rin...” Peace wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ti lo oògùn ibà, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Màmá di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kí ọmọ náà tó dé mẹ́jọ, mo na ẹsẹ̀, mo ti bàtà Peace kan sábẹ́ àga.

“Mọ́mì, mẹ́sàn-án ni!”

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. “Lọ kó ẹ̀kúrọ́ wá, ìyẹn la ó máa kà.”