Ìyá Wọn Dà?

Òórùn èérí àgbàdo tí wọ́n fi omi rin ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Kí n tó la ojú, mo ti mọ̀ pé ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọ́n èérí sílẹ̀, àwọn adìẹ rẹ̀ sì ń gun ara wọn lórí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ariwo yẹn. Dámilọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, kò mọ̀ ọ́n. Port Richmond nílùú òyìnbó níbí ni wọ́n bí i sí, ariwo bọ́ọ̀sì ló fi ń jí.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ní kí Dámilọ́lá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má bá mi tún un ṣe.

Ìyá mi kì í ra òròmọdìẹ lásán. Bó bá rí ẹni tó ń tà á, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìyá wọn dà?" Bí onítọ̀hún bá ní ó wà nílé, ìyá mi á ní ó dáa, kí àwọn jọ lọ síbẹ̀. Á wo ojú ìyá adìẹ náà, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá gbé àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á yí ìdí wọn sókè wò. Èyí tí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ nídìí, tàbí tó ń tòògbé lójú ọ̀sán, kò ní mú un. Tìyá tọmọ ló sì máa ń rà pọ̀, nínú àgò kan náà. Bí mo bá ní kó ra ọmọ nìkan, á ní, "Ta ló fẹ́ máa ràdọ̀ bò wọ́n lóru, èmi àbí ìwọ?"

Lọ́jọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá dé láti Ìbàdàn, ó fi aṣọ bò ó. Òròmọdìẹ àgíríìkì ló kún inú rẹ̀, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n wuni. Ìyá mi bi í, "Ìyá wọn dà?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ wọn níyàwó ni?"

"Àní mo fẹ́ fẹ́ wọn," ni ìyá mi wí. "Pe àna mi wá kí n kí i."

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi kò rà. Ìyá Rónkẹ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló rà á. Kí ọjà mìíràn tó pé, àwọn òròmọdìẹ náà ti ń wó orí sílẹ̀, wọ́n kú tán. Lúkúlúkú tí wọ́n gbé wá sì ran gbogbo adìẹ agboolé. Ó pa Alámì, àgbébọ̀ tèmi, tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ àwòdì. Orí itan mi ló kú sí.

Mo jáde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Rónkẹ́, mo ń lọgun, "Ìyá wọn dà? Ìyá wọn dà?" Ìyá mi fà mí létí wọlé. Ó ní, "Ìyá tìẹ ni wọ́n á máa bèèrè báyìí, wọ́n á ní ta ló bí ọmọ tó ń jágbe mọ́ àgbà." Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, òun náà ń nu ojú.

Àfi lọ́dún yìí tí ọmọ mi Bísí ní ká máa sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wa níbí, kí n lè rí nǹkan máa wò. Inú mi dùn. Ó ní, "Màámi, mo ti ọ́dà wọn lórí fóònù. Pọ́ọ̀sì ọ́fíìsì la ti máa gbà wọ́n."

"O fi ohun ẹlẹ́mìí ránṣẹ́ bí ẹni ń fi bàtà ránṣẹ́? Nínú òtútù yìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́. Protection sì wà lórí wọn."

Mo bi Dámilọ́lá pé kí ni protection. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Màmá, ìràdọ̀bò ni."

Ìràdọ̀bò! Inú mi rọ̀. Mo ní àṣé àwọn òyìnbó yìí gbọ́n, wọ́n ti fi ìyá adìẹ sínú páálí kó máa ràdọ̀ bo àwọn ọmọ lọ́nà. Mo rin èérí sílẹ̀ dè é.

Yìnyín dí ọ̀nà, wọn kò tètè dé. Nígbà tí wọ́n pè wá láàárọ̀ pé ká wá gbà wọ́n, páálí náà dákẹ́. Òròmọdìẹ kì í dákẹ́. Bísí ṣí i lórí káńtà, wọ́n nà gbalaja, ẹyọ kan péré ló ń mí.

Mo ní, "Ìyá wọn dà?"

"Ìyá wo, Màámi?"

"Ìyá tó ń ràdọ̀ bò wọ́n! Ẹ̀yin lẹ ní ó wà níbẹ̀!"

Dámilọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Bísí wá là á yé mi: bí wọ́n bá kú, ẹni tó tà á máa fi òmíràn ránṣẹ́, òun ni protection. Ẹ gbọ́ mi, ta ni ìyẹn ràdọ̀ bò? Ṣé òròmọdìẹ ni, àbí ẹni tó tà á? Mo lọgun níbẹ̀, àwọn èèyàn tó wà lórí ìlà ń wò mí.

Mo ní páálí kejì kò ní wọ ilé wa. Obìnrin ará Mẹ́síkò kan ń sin adìẹ ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa. Dámilọ́lá bá mi bi í léèrè ìyá wọn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó gbé apá adìẹ rẹ̀ sókè, orí kéékèèké yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo yí ìdí wọn wò, ó mọ́. A ra tìyá tọmọ.

Ẹyọ kan tó kù nínú páálí, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ omi, ó mu. Bísí ní kí n kúkú fi sábẹ́ ìyá tuntun. Mo ní rárá, n kò mọ ohun tó gbé bọ̀, Alámì kò ní kú lẹ́ẹ̀kejì. Yàrá mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà. Bísí ń pariwo pé, "Màámi, ẹ má fẹnu kò ó o, ẹ fọwọ́ yín!" Mo ń fọ̀ ọ́.

Ọmọ tó lọgun lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Rónkẹ́ rí ẹni fà á létí wọlé. Kò sí ẹni tó lè fa tèmi mọ́, mo sì ń lọgun síbẹ̀. Ìyá mi bi ọmọ yẹn nígbà kan pé ta ló fẹ́ máa ràdọ̀ bò wọ́n lóru; èsì rẹ̀ ni mo ti rí báyìí. Èmi ni, Ìyá mi. Èmi ni mo ń ràdọ̀ bò ó.