Ọ̀dà Tútù, Irọ́ Ló Ń Pa

Gbàà! Bàbá mi ju hámà sílẹ̀. “Ó ti tán!” Àwa ọmọ ń fò sókè. Mọ́tò búrẹ́dì tí wọ́n fi okùn wọ́ wá, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kan rún wómúwómú, ló wá dúró dáadáa lábẹ́ igi fúrúùtù wa ní Bajulaiye yẹn. Bàbá mi ló na irin ẹ̀, àbúrò wọn ló fín ọ̀dà sí i. Ó ń dán. Òórùn ọ̀dà ń ta wá nímú, òórùn búrẹ́dì ṣì wà nínú mọ́tò, ẹ̀rọ àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń dún gbì-gbà, gbì-gbà.

Sọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà yẹn. Gbogbo èèyàn ń ra mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń rà á ni wọ́n ń kọlu ara wọn. Bàbá oníbúrẹ́dì kan l'Ónípanu, tó ni mọ́tò yẹn, ní tí ojú òun ò bá rí ibi tó ti fọ́ mọ́, gbogbo mọ́tò òun, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á máa wá. Ilẹ̀ kan sì wà ní Bàrígà, tó ní fẹ́ńsì, tó ní géètì, tí bàbá mi fẹ́ gbà fún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn onílẹ̀ ń dúró dè wọ́n. Tí iṣẹ́ yìí bá dáa, a dé Bàrígà nìyẹn. Tí kò bá dáa, abẹ́ igi náà ni.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dìde lórí àpótí. Aláró ni wọ́n l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n tó wá bá wa. Ọwọ́ wọn dúdú, ọṣẹ ò bó o rí. Wọ́n rìn yí mọ́tò po.

“Ta ló ní kí ẹ fi búlúù yìí síbí?”

Bàbá mi ní, “Màámi, àwọ̀ kan náà ni.”

“Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìbejì. Ẹ tì í bọ́ sínú oòrùn.”

A tì í. Hà! Ilẹ̀kùn yẹn yọ lójú bí ẹni tó wọ aṣọ ọdún lọ sóko. Oòrùn ti jẹ àwọ̀ mọ́tò náà tipẹ́, àbúrò bàbá mi wá po ọ̀dà bíi ti mọ́tò tuntun. Òjìji igi ló tàn wá jẹ.

Màmá ní kí wọ́n fá a. Àbúrò bàbá mi fẹ́ẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n fá a, sáńpépà ń ké ṣáà, ṣáà. Màmá jókòó ti agolo ọ̀dà, wọ́n bu funfun díẹ̀ sí i, wọ́n kán an sórí páànù, wọ́n gbé e sí oòrùn.

Àbúrò bàbá mi ní, “Màámi, ó ti jọra!”

“Ọ̀dà tútù, irọ́ ló ń pa. Jẹ́ kó gbẹ.”

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá oníbúrẹ́dì fi dé. Wọ́n bá ilẹ̀kùn wọn ní ìhòòhò.

“Kí lẹ fi mọ́tò mi ṣe?”

Màmá ò tiẹ̀ dìde. “Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá oníbúrẹ́dì. Ṣé ẹ máa ń yọ búrẹ́dì kó tó jiná ni?”

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ká agbádá, wọ́n lóṣòó ti Màmá. Ọ̀dà gbẹ, ó ṣú jù. Màmá tún bu funfun, wọ́n tún kán òmíràn. Nígbà tíyẹn gbẹ, Bàbá oníbúrẹ́dì fúnra wọn ló pariwo: “Òun nìyẹn! Màmá, òun nìyẹn!”

Àbúrò bàbá mi fín in sí ilẹ̀kùn náà. Lọ́jọ́ kejì tó ti gbẹ, Bàbá oníbúrẹ́dì fi àtẹ́lẹwọ́ pa mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. “Mo mọ̀ pé apá òsì ló fọ́. Ojú mi ló ní irọ́ ni.”

Màmá ní, “Ṣé ká tún un fọ́ kẹ́ ẹ lè rí i?”

Ariwo ẹ̀rín sọ! Kò pẹ́, a kó hámà wa, a kó agolo wa, ó di Bàrígà. Mọ́tò búrẹ́dì tò dé ẹnu géètì. Màmá ló yan ibi tí wọ́n á ti máa fín ọ̀dà: ibi tí igi kankan ò sí.

Èmi àtàwọn ọmọ mi ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà. Mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fín mọ́tò kankan, màá kán díẹ̀ sórí páànù, màá jókòó tì í. Wọ́n á ní, “Bàbá, kọ́sítọ́mà ń dúró o.” Màá tẹjú mọ́ páànù náà. Àyà mi á máa lù kì-kì-kì, inú mi á sì máa dùn, títí á fi gbẹ.