Ìrú inú Tábà Ìyá Mi

Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò ní Ìsẹ́yìn. Ewé tábà gbígbẹ ló kún báàgì mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá Lásísì, àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ ní Enugu láti ìgbà èwe rẹ̀, ni mò ń lọ. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń po tábà tí ìyá mi ń fi sínú ìkòkò tó fi ń mu tábà. Ọdọọdún ló ń fi í ránṣẹ́, ìyá mi kì í sì í mu ti ẹlòmíì. Lọ́dún yìí, Bàbá ní kí n wá kọ́ ọ, pé ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n.

Ìrú ni mò ń ṣe tà. Ta ló máa lọ kí ará rẹ̀ lájò láìmú ìrú dání? Ní Ìbàdàn, awakọ̀ yímú sí mi.

"Màmá, ẹ tọ́jú ìrú yín o, kí èrò mi má sá lọ!"

Ojú tì mí. Mo ki ike ìrú náà sáàárín ewé tábà, mo sì fa báàgì pa.

Títí dé Benin, ọ̀nà dára. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ló kù. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Enugu, mo ra ọ̀kpà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ẹyọ kan. Ó jọ mọ́ín-mọ́ín tó le, ó sì yó mi ju iyán lọ.

Bàbá ti ń dúró dè mí níwájú ilé rẹ̀ ní Ugwuaji.

"Káàbọ̀, ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi! How body?"

Nígbà tí a jẹun tán, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Imú mi ni. Láti ìgbà tí àìsàn kan ṣe mí lọ́dún tó kọjá, mi ò gbóòórùn mọ́. Má sọ fún Ẹ̀gbọ́n o. Tó bá gbọ́, kò ní lè sùn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ṣèlérí.

Ó ń sọ, mo ń ṣe. Mo wọ́n omi sí ewé, mo yọ iṣan rẹ̀, mo sì fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ gé e wẹ́wẹ́. Ìdá mẹ́ta tiwa, ìdá kan utaba, bí àwọn Igbo ṣe ń pe tábà. Tiwọn dúdú, ó sì ta ju tiwa lọ. A fi oyin díẹ̀ pò ó, a wé e sínú aṣọ, a gbé áyọ́ọ̀nù ńlá tó fi ń lọ aṣọ lé e lórí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tó gbẹ, a tọ́ ọ wò.

"Ahọ́n mi gbà á," ni Bàbá wí. "Imú ńkọ́?"

Mo fà á, mo gbóòórùn oyin. "Ó dáa, Bàbá."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin.

Bí mo ṣe délé, ìyá mi ki tábà sínú ìkòkò, ó tanná sí i, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ìrú."

Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe ìrú, imú mi ò mọ̀ ọ́n lóòórùn mọ́.

"Báàgì kan náà ni mo kó wọn sí, Mọ̀ọ́mi. Ẹ má bínú."

"Mi ò bá ọ wí. Lásísì tí mo mọ̀, tí ìrú bá kan tábà mi, yóò dà á nù ni. Kí ló ṣe imú àbúrò mi?"

Mo ti ṣèlérí, n kò sì sọ. Tábà ló sọ.

Ó fa ìkòkò náà títí ó fi jó tán, tìrú-tìrú. Ìyá mi yìí ò rìn kọjá Ìbàdàn rí. Ó gbọn eérú rẹ̀ dànù, ó wo báàgì mi nílẹ̀.

"Má tíì tú u," ni ó wí. "Àwa méjèèjì là ń lọ lọ́la."