Bàbá Ọ̀fẹ́ àti Àwọn Arúgbó Tó Ń Ra Ọṣẹ

Ọ̀fẹ́ ni àbúrò mi fẹ́ràn jù láyé. Kì í ṣe ahun o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bó bá ní, á fún yín. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sanwó fún nǹkan tó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan rí gbà láìsanwó níbì kan. Á fẹsẹ̀ rìn dé òpin ìlú nítorí kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́. Lọ́dún kan, kàlẹ́ńdà mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri yàrá rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ló ti ń wá béèrè ohun tí òní jẹ́. Bó ṣe di Bàbá Ọ̀fẹ́ nìyẹn, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé ó ń jẹ́ ẹ.

Aránṣọ ni èmi. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi àti òun la sì jọ ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó, ọkùnrin tó ti lé lógójì. Ojoojúmọ́ ni mo ń bínú sí i, ojoojúmọ́ náà ni mo ń bu oúnjẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n ni mí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wíwádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ilé wọn àti ohun tí wọ́n ń rà sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré kan gbà á, pé kí àwọn fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ta ló ń ra ọṣẹ ìwẹ̀? Bí àbúrò mi bá rí ìdáhùn tó múná dóko, á fún un ní lẹ́tà pé ó ti di òṣìṣẹ́ wọn pátápátá. Bí kò bá rí i, kó máa lọ sílé. Ó ní òun ò ní owó tí ẹnikẹ́ni á fi máa kiri ojúlé o.

"Ọ̀gá, ọ̀fẹ́ ló wà," ni Bàbá Ọ̀fẹ́ dá a lóhùn. Ó sọ fún mi pé ohùn òun gbọ̀n nígbà tí òun ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe là á yé mi, nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn ìjọba, àwọn yunifásítì àti àwọn àjọ ńláńlá máa ń rán èèyàn lọ sí ojúlé dé ojúlé, láti béèrè pé: ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé, kí lẹ fi ń dáná, kí lẹ ń rà? Wọn á yọ orúkọ kúrò, wọn á to ìdáhùn sínú fáìlì, wọn á wá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá fẹ́ wá kó o. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Ó kàn jẹ́ pé wọn kì í kéde fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo máa wá ibi tó wà.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, torí pé ibẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì aládùúgbò wa ti ń mú dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé aṣọ oníbàárà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibì kan ní kó kọ ìdí tó fi fẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn, ó kọ "ìfẹ́ ìmọ̀," wọn ò sì dá a lóhùn. Èyí tó rí níbòmíràn ti lé lógún ọdún. Àwọn míì bi àwọn èèyàn ní gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ, wọn ò wá bi wọ́n bóyá wọ́n ń wẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì bi mí bóyá oúnjẹ ti délẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ tẹ èyí tó ń wá. Ìdílé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, ọṣẹ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀fẹ́ pọ́nńbélé.

"Kí ni fáìlì kejì yìí?" mo bi í.

"Ìwé àlàyé ni, Àǹtí. Ojú ìwé igba ó lé méjìlá."

"O ò ní kà á?"

"Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń ka ìyẹn."

Ọjọ́ kejì ló ti rí ìdáhùn. Ó pín àwọn tó ń ra ọṣẹ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí, ó wá bá a pé àwọn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ló pọ̀ jù. Gbogbo wọn ló jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní gbogbo ayé ló ń sáré tẹ̀lé ọ̀dọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bojú wo àwọn àgbà. Inú ọ̀gá rẹ̀ dùn dé ibi tí inú irú wọn lè dùn dé. Ó ní kí wọ́n ṣe ọṣẹ tí kò ní máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tó ń gbọ̀n, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà gàdàgbà sí i lára. Wọ́n ya bàbá arúgbó kan sára páálí, eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí tẹ páálí. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni àbúrò mi máa gba lẹ́tà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo ń rán bọ́tìnnì, ó ń fọ́nnu sí mi létí.

"Níbo ni wọ́n ti rí arúgbó tó pọ̀ tó yìí?" mo bi í.

"Àǹtí, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni."

"Fi ẹyọ kan hàn mí."

Ó ṣí i, ó ń kà á. "Obìnrin. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe. Ó lóyún." Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"Ka òmíràn."

"Ọkùnrin. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé."

"Ìyá ọ̀hún ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

Mo rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé àlàyé, ó ń wá a kiri títí ó fi dé ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀ láti sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹni tó ń bi í kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo arúgbó wa kú tán.

Ó pa ìwé náà dé. "Àǹtí, bí mo bá gba lẹ́tà náà lọ́la, mo ṣì lè tún un ṣe tó bá yá. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà."

"Bó bá kùtà, wàá gbé e padà wálé," mo ní. "Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ná."

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kó ríṣẹ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ lọ.

Mo bá a lọ lọ́jọ́ Ẹtì, torí mi ò fọkàn tán ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, bí ọmọ tuntun ọ̀hún tilẹ̀ ti ń hu ewú. Òkè kẹta ni ọ́fíìsì wà, òórùn ọṣẹ sì ti gba gbogbo àtẹ̀gùn. Àpẹẹrẹ páálí eléyín kan ọ̀hún wà lórí tábìlì ọ̀gá, lẹ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi rò ó láti orí dé ìrù, ó ń wolẹ̀.

"Ta wá ni wọ́n?" ni ọ̀gá bi í.

"Àwọn tí kò fẹ́ sọ ọjọ́ orí wọn ni, mà."

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ẹ tó ọmọ ọdún mélòó?"

"Ìyẹn ò kan ọṣẹ, mà," mo ní.

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, ó wá padà sí i. "Bí ẹ̀gbọ́n ẹ ò bá bi ẹ́ ńkọ́?"

"Ǹ bá ti gba lẹ́tà náà, mà."

Ọ̀gá gbé lẹ́tà, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i. "Lọ ka ìwé yẹn tán. Lẹ́yìn náà, kí o wá sọ ẹni tó ń ra ọṣẹ fún mi."

Ọjọ́ méjìlá ló fi kà á lórí tábìlì mi, tó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé, tí èmi náà fi ń gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ìbéèrè méjì ló wà lórí ọṣẹ: ta ló ń lò ó, ta ló sì ń sanwó rẹ̀? Àwọn tó ń lò ó ni òun ti ń kà láti ọjọ́ yìí wá. Ó yọ àwọn tí kò sọ ọjọ́ orí sọ́tọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà látìbẹ̀rẹ̀, kò sì bá mi sọ nǹkan kan.

Òun nìkan ló lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sán ló padà, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá ti buwọ́ lù ú. Omi lé sí mi lójú, mo ní òwú ló kó sí i.

"Ta ló wá ń ra ọṣẹ ọ̀hún?" mo bi í.

Ó yọ bébà kan lápò, ó kà á jẹ́jẹ́. "Obìnrin tó ti lé lógójì, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, tí àgbàlagbà mìíràn wà nílé rẹ̀ tí kì í dá sówó kankan. Nínú ọṣẹ mẹ́wàá, irú wọn ló ń ra mẹ́fà."

Mo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń lọ. Ó gbé lẹ́tà lé orí tábìlì mi, ó wọ ilé ìwẹ̀. Mo gbọ́ tómi ń dà, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó yá, ó yọrí, tówẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, ọṣẹ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

"Àǹtí," ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ wí, "èló ni wọ́n ń ta ọ̀kan?"