Ẹkún Tó La Ògiri Kọjá

Mo mọ ògiri ilé ìdáná wa ní Newton Heath, nílùú òyìnbó níbí, dáadáa. Ó fẹ́lẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ bí kẹ́tùlù Brídì ṣe ń hó, ìyá àgbà ará Ireland tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Ọmọ mi Kúdí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú mi wá síbí kí n lè máa bá a wo àwọn ọmọ. Brídì nìkan ni mo ń rí bá sọ̀rọ̀ lójúmọmọ. Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, tirẹ̀ náà lọ́ mọ́ra bí òwú, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ra yé.

Òun ló sọ ọ̀rọ̀ banshee fún mi. Ó ní obìnrin ẹ̀mí kan ni, tó máa ń tẹ̀ lé àwọn ìdílé kan láti ìran dé ìran. Bí ikú bá ti ń bọ̀ nínú ìdílé náà, á máa ké lẹ́yìn ilé wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀mí tiyín tilẹ̀ lójú àánú, ó ń ránṣẹ́ síwájú." Brídì ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mátínì, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un, wà lórí ibùsùn ọsibítù ní Crumpsall.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Làmídì pè mí láti Ìsẹ́yìn pé ìyá òun, Sìfáwù, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà, ti kú. Mo figbe ta. Mo ń ké, mo ń pe oríkì rẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, mo gbàgbé ibi tí mo wà. Àfi gbàà, ilẹ̀kùn Brídì! Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ń sáré lọ síbi bọ́ọ̀sì tòun ti bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mátínì kú, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Brídì.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo ní, "Brídì, èmi ni mo sunkún o. Àbúrò mi ló kú."

Ó gbá mi mọ́ra. "Ṣé n ò mọ ohùn rẹ ni, ìwọ tó ń fi ojoojúmọ́ pariwo lé àwọn ọmọ yẹn lórí? Ṣùgbọ́n ta ló rán ọ sí mi?"

Kúdí ní, "Mummy, ẹ má da ara yín láàmú jàre. Ó pẹ́ tí bàbá yẹn ti ń ṣàìsàn." Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Brídì náà ti lọ báyìí. Wọ́n sin ín jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ké. Tọkọtaya kan láti Ìbàdàn ló gba ilé rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí mo bá rántí Brídì, tí mo rántí Sìfáwù, tí ẹkún sì dé ọ̀fun mi, màá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà, màá ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu kí ẹkún náà má baà la ògiri kọjá, màá sì fetí sí ògiri títí n ó fi gbọ́ tí ọmọ náà sín.