Òfin Tí Kọ̀ǹpútà Fúnmbí Bí

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà Fúnmbí mọ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ máa kú. Láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Benson ni wọ́n ti ń sọ ọ́, pé ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà, ọmọ sì pa á mọ́nú. Àwọn kan tún fi iyọ̀ sí i: wọ́n ní ẹ̀rọ náà sunkún.

Fúnmbí yìí, ọmọ Abraham apẹja, tí omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má figbe ta, ọdún méjì ló fi jókòó sí èbúté tó ń kọ ìrìnàjò àwọn apẹja sílẹ̀: ibi tí wọ́n da àwọ̀n sí, irú afẹ́fẹ́ tó fẹ́, ohun tí wọ́n kó bọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kó wá òfin tó fara pamọ́ síbẹ̀, irú bíi pé bí afẹ́fẹ́ báyìí bá fẹ́, ibi báyìí lẹja máa wà. Ẹ̀rọ á hun òfin bí igba, á fi àkọsílẹ̀ dán wọn wò. Èyí tó bá parọ́, ó dànù nìyẹn. Àwọn tó sòótọ́, á so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì kí wọ́n bí òfin tuntun, ìran á máa rọ́pò ìran.

Abraham a máa bi í pé òfin ń gbéyàwó, ìwọ ńkọ́? Fúnmbí á ní kí bàbá kọ́kọ́ fá irùngbọ̀n wọn ná, kí àna má baà sá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Abraham tu ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí, ó dojú dé láàárín koríko omi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Adéyọ̀sí, ẹ̀gbọ́n Abraham, wá sí yàrá tí Fúnmbí háyà ní Benson. Ó kọ̀, kò jókòó.

“Fúnmbí, wò mí lójú. Ṣé ẹ̀rọ yẹn sọ fún ọ?”

Òfin tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà níbẹ̀ tí kò tíì kà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kìlọ̀ ńkọ́? Fúnmbí ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń kà wọ́n sókè. Èyí tó lágbára jù, tí ìran kankan kò borí láti ìbẹ̀rẹ̀, kúrú: ẹni tó bá lọ, á bọ̀.

Fúnmbí tún un kà. Ìgbà náà ló yé e. Ní èbúté wọn, a kì í bi apẹja níbi tó ń lọ, wọ́n ní ó ń dínà ẹja. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ nìkan ni Fúnmbí ń bèèrè, ìgbà náà ló ń kọ ọ́.

Adéyọ̀sí bọ́ fìlà, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Nínú ìrìnàjò ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìdínlógójì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kò sí ẹyọ kan tí ẹni tó lọ kò padà.