Ooru Tí Wọ́n Fi Tọ́jú Ọkọ Mi

Ọkọ mi nawọ́ láti so ọkọ̀ mọ́ òpó ní èbúté Mahintẹ́dó, ó sì jókòó padà lójijì. Ó ní nǹkan ń fa ẹpọ̀n òun wálẹ̀ lápá òsì. Òun ló ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun. Kì í kérora lásán. Nígbà tí mo wò ó nílé, àwọn iṣan ibẹ̀ ti wú, wọ́n dìpọ̀ bí ekòló.

Àǹtí Ẹbùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ìpá ni. Láràárọ̀, ó ń se àgbo, ó ń ní kí ọkọ mi jókòó sínú rẹ̀ ní gbígbóná. Nígbà náà, a ti ṣègbéyàwó tipẹ́, a ò tíì bímọ.

“Tíṣà, ṣé ìwé lo máa bí fún wa ni?”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù.”

“Ìwọ ni kó o lọ. Mo ti bá ìyá ọmọge kan sọ̀rọ̀ ní Zion Pepe. Bí Kérésì bá dé tó ò lóyún, kẹ́rù rẹ.”

Mo kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò ara mi. Kò sí àléébù. Lẹ́yìn náà ni mo fa ọkọ mi lọ. Lórí bẹ́ńṣì ọsibítù, ó fi fìlà bojú títí wọ́n fi pè é. Àyẹ̀wò fi hàn pé irúgbìn inú àtọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń rìn.

Iṣẹ́ olùkọ́ Bàọ́lọ́jì ni mo ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láàárín orí àti ìrù irúgbìn ọkùnrin ni àwọn ohun tín-ín-tín-ín kan wà, mitokọ́ńdíríà, tó ń sọ oúnjẹ di agbára tí ìrù fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró nínú iṣan wíwú a máa mú ibẹ̀ gbóná. Ooru a sì ba mitokọ́ńdíríà jẹ́. Irúgbìn lè wà láàyè, kó má sì lókun láti débi tó ń lọ.

“Kí lẹ fi ń tọ́jú rẹ̀?” dókítà bi í.

“Àgbo gbígbóná ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sè é.”

“Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń sè.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n di àwọn iṣan náà. Dókítà ò ṣèlérí. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló ń rọ́mọ bí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi ń rìn tìrora-tìrora nígbà tí Àǹtí Ẹbùn tún gbé ìkòkò dé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sódò.

“Ṣé o rí ìyàwó rẹ?” ó pariwo mọ́ ọkọ mi.

“Mo rí i. Àǹtí, ẹ má gbé e wá mọ́.”

Ọkọ mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Irúgbìn tuntun gba oṣù mélòó kan kó tó gbó; a ní sùúrù. Nígbà tí Kérésì dé, mo ti ń bì láràárọ̀.

Àǹtí Ẹbùn jẹun níbi ìkómọ, ó gbọ́mọ jó, kò sì sọ rí pé òun ṣẹ̀ mí. Ó ti kú báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara ọkọ mi tó dárí jì í. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.